Ṣíṣú Fàdákà àti Ìpáàrà Irin: Ìmọ̀ àti Ọ̀nà Ìfọ̀ Nínú Ilé

Ìfáárà

Lẹ́yìn ayẹyẹ, aṣọ òde a padà sínú àpótí, ohun ọ̀ṣọ́ a sì bá a wọlé. Nígbà tí ayẹyẹ mìíràn bá dé, tí a sì ṣí àpótí náà, aṣọ lè wà bí ó ti wà, kí ẹ̀gbà ọrùn fàdákà sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní Alápẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Kétu tí ó wà ní Kòsọ́fẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó, irú nǹkan báyìí kì í pẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sà kò jìnnà sí àdúgbò náà, àbàtà sì wà ní apá Àgbóyì. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí lọ sí Ojótà gba ibẹ̀ kọjá, èéfín ọkọ̀ kì í sì í dá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí iná ìjọba bá lọ, èéfín jẹnẹrétọ̀ a tún kún un. Ọ̀rinrin àti èéfín yìí ni ohun ọ̀ṣọ́ ń mí sínú, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó bá sún mọ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń fọ èyí tí ó bá ṣú: iyanrìn, eérú, kànrìnkànrìn onírin, ọṣẹ ìfọyín, ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó kún ọjà Mile 12. Nígbà mìíràn ó máa ń dán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, fàdákà tí a rò pé a ní yóò bó lójú ẹni, irin pupa yóò sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun tí ó ń fa ìyàtọ̀ yìí. Kókó kan ni ó sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró: àwọ̀ dúdú tí ó bo fàdákà, àwọ̀ ewé tí ó bo idẹ, àti ìpáàrà tí ó bo irin, ara àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ó yí padà di bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń há a kúrò, díẹ̀ lára ohun ìní rẹ̀ ni ó ń há dànù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò ní ṣàì fẹ́ àlàyé díẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, irin ni a sábà máa ń pe ohun gbogbo tí alágbẹ̀dẹ lè rọ, bẹ́ẹ̀ ni irin tún jẹ́ orúkọ ọ̀kan pàtó nínú wọn. Nítorí èyí, mẹ́táàlì ni orúkọ tí ó kó wúrà, fàdákà, idẹ, bàbà, òjé, alumíníọ́mù àti irin pọ̀ níhìn-ín. Èdè Yorùbá sì mọ ìyàtọ̀ nínú bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́. Irin a máa dógùn-ún, ó sì ń dípẹtà. Ìpáàrà ni Bíbélì Mímọ́ pè é nínú ìwé Mátíù. Fàdákà kì í dógùn-ún, ṣíṣú ni ó ń ṣú. Ẹni tí ó bá fetí sí èdè yìí dáadáa yóò ti mọ̀ pé àìsàn méjèèjì kò lè ní oògùn kan náà.

Ohun tí ó ń mú kí fàdákà ṣú

Afẹ́fẹ́ lásán kì í tètè ba fàdákà jẹ́. Imí ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí ewé àti ìdọ̀tí bá ti ń jẹrà nínú omi tí kò ṣàn, gáàsì kan tí ó ní imí ọjọ́ nínú a máa jáde níbẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì dà bí ti ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Àbàtà ń tú u jáde, gọ́tà tí ó dí ń tú u jáde. Èéfín epo dísù náà ní imí ọjọ́ tirẹ̀. Bí gáàsì yìí bá bá fàdákà pàdé níbi tí ọ̀rinrin wà, àwọn méjèèjì yóò para pọ̀ di ohun tuntun kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ oyin ni ó máa ń ní, lẹ́yìn náà a di àwọ̀ aró, kí ó tó wá dúdú pátápátá. Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní àwọ̀ oyin kò ní ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Imí ọjọ́ kì í gba inú afẹ́fẹ́ nìkan wọlé. Ó wà nínú ẹyin àti nínú àlùbọ́sà. Ìdí nìyí tí ṣíbí fàdákà tí a fi jẹ ẹyin sísè fi máa ń ṣú kí a tó gbé e kúrò lórí tábìlì. Ó wà nínú rọ́bà tí a fi ń di nǹkan, bí a bá fi so ṣíbí tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ pọ̀, ojú ibi tí rọ́bà náà ti kàn yóò dúdú bí ẹni fi gègé fa ìlà. Ó wà nínú àwọn ọṣẹ àti ìpara tí a fi ń wo èkúkú àti ìfo, àti nínú àwọn ìpara orí kan. Àwọn kan gbà pé òrùka tí ó ṣàdédé ṣú lọ́wọ́ ẹni ti gba ibi tí ń bọ̀ wá bá onítọ̀hún, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wá ẹni tí ó rán ibi náà. Ó dára kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ara ike ìpara rẹ̀.

Fàdákà tí a fi ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kì í sábà jẹ́ ògidì. Ògidì fàdákà rọ̀ jù, nítorí náà ni a ṣe máa ń lú u. Èyí tí ó lókìkí jù lọ ní ìpín 925 fàdákà nínú 1000, bàbà ni ó sì sábà máa ń jẹ́ ìpín 75 tí ó kù. Bàbà yìí náà máa ń ṣú, ó sì ń dá kún ìdúdú tí ojú ń rí.

Kí a tó fi omi kàn án

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni irú mẹ́táàlì tí ó wà lọ́wọ́ ẹni. Bí a bá fi òòfà kan fàdákà, bàbà, idẹ tàbí wúrà, kò ní fà á. Bí ó bá fà á, irin ni ó wà nínú rẹ̀, fàdákà tàbí wúrà ojú rẹ̀ kò ju awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Àmọ́ bí òòfà kò bá fà á, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a da fàdákà bò ní idẹ nínú. Ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 925 túmọ̀ sí fàdákà tí a ti ṣàlàyé lókè yìí, bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bá jẹ́ olóòótọ́. Lẹ́tà EPNS tí ó wà lára ọ̀pọ̀ ife tíì, àwo àti ṣíbí tí àwọn ará ìlú ọba ṣe túmọ̀ sí pé àdàlù bàbà, nikẹ́lì àti síńkì ni ó wà nínú, a kàn fi iná mànàmáná da fàdákà bò ó lójú ni. Irú àwo bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀bùn ìgbéyàwó àwọn òbí wa àgbà. Èyí ni iyanrìn àti eérú ti bàjẹ́ jù lọ.

Owó àtijọ́ náà ní àlàyé tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ owó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912, ṣílè tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti 1913 jẹ́ fàdákà olójú 925. Nígbà tí ó di 1920, fàdákà ti wọ́n jù, wọ́n sì yí i padà sí idẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ a máa yọ́ irú owó fàdákà bẹ́ẹ̀ láti fi rọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Nítorí náà, bí a bá rí ṣílè méjì nínú àpótí ìyá àgbà, tí ọ̀kan dúdú tí èkejì sì ní àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kí ọdún tí a kọ sára wọn ti sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn mẹ́táàlì, ohun tí a fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni ó kàn. Iyùn ni ó léwu jù níbi tí ọ̀rọ̀ yìí dé. Inú òkun ni iyùn ti wá, irú ohun tí ó di ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin ni ó sì di iyùn. Ohun kíkan máa ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbà ọrùn tí a to iyùn àti fàdákà pọ̀ sí, bí a bá rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ nítorí fàdákà, ìtànṣán ojú iyùn yóò lọ, kò sì ní padà mọ́. Sẹ̀gi kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí gíláàsì ni, ṣùgbọ́n òwú tí a fi sín in lè jẹrà. Ohun tí ó bá ní ìlẹ̀kẹ̀ nínú, aṣọ rírọ̀ tí a fi omi díẹ̀ rin ni a fi ń nu ibi tí ó jẹ́ fàdákà nìkan.

Ọ̀nà tí fàdákà fi ń gba ara rẹ̀ padà

Nínú gbogbo ọ̀nà tí ó wà nílé, ẹyọ kan ni ó ń dá fàdákà tí ó ti ṣú padà sí fàdákà. Fọ́ìlì tí a fi ń se mọ́ínmọ́ín ni a nílò, pẹ̀lú omi gbígbóná, iyọ̀, àti báìkín sódà tí àwọn aṣekéèkì ń lò. A ó tẹ́ fọ́ìlì sí inú abọ́ tánganran tàbí ti ike líle, a ó to fàdákà náà lé e lórí kí wọ́n kan ara wọn, a ó wọ́n sódà ṣíbí ìjẹun kan àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i fún ife omi kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà a ó da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e. Omi náà yóò máa hó wùtùwùtù. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Èyí tí ó bá ṣú gidigidi lè fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé alumíníọ́mù tí a fi ṣe fọ́ìlì yá ju fàdákà lọ láti yọ̀ǹda agbára iná mànàmáná tín-ń-tín tí ó wà nínú rẹ̀. Omi oníyọ̀ àti oní-sódà náà ni ọ̀nà tí agbára yìí ń gbà. Nígbà tí ó bá dé ara ohun dúdú náà, imí ọjọ́ yóò tú kúrò lára fàdákà, fàdákà yóò sì dúró sí àyè rẹ̀. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí a óò gbọ́ nígbà náà ni imí ọjọ́ tí ń jáde lọ, nítorí náà ó yẹ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Fọ́ìlì náà ni yóò ṣú dípò. Bí fàdákà kò bá kan fọ́ìlì, ohunkóhun kò ní ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe yìí ni ó ń mú kí àwọn kan sọ pé ọ̀nà náà kò jẹ́.

Ọ̀nà yìí dára fún ẹ̀gbà ọrùn, òrùka àti ṣíbí tí kò ní òkúta tàbí ìlẹ̀kẹ̀ lára. Ṣíbí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ lílẹ̀ kò yẹ fún omi gbígbóná, àtè rẹ̀ yóò yọ́. Ohun tí oníṣẹ́ ọnà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó dúdú nínú kòtò ọnà kí àwòrán rẹ̀ lè hàn, ọ̀nà yìí yóò sọ gbogbo rẹ̀ di funfun, ẹwà rẹ̀ yóò sì dín kù. Ọṣẹ ìfọyín tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé ní ìyẹ̀fun líle nínú. Ó ń há ojú fàdákà ni. Bílíìsì tí a fi ń bó aṣọ funfun burú jù ú lọ, ńṣe ni ó ń sọ fàdákà di dúdú, tí ó sì ń jẹ ojú rẹ̀ ní kòtò-kòtò.

Idẹ àti bàbà

Iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ wà níhìn-ín. Bàbà jẹ́ mẹ́táàlì kan ṣoṣo, bàbà àti síńkì tí a pò pọ̀ ni ó sì di idẹ. Àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń bò wọ́n máa ń yọ́ nínú omi kíkan, iyọ̀ sì ń mú kí iṣẹ́ náà yá. Ìlàjì ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ki bọ inú iyọ̀, tí a fi ń ra ojú àwo idẹ, yóò mú kí ó mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi ọsàn bá pẹ́ jù lára idẹ, síńkì yóò máa jáde kúrò nínú rẹ̀, ojú idẹ yóò sì pọ́n rúsúrúsú bí bàbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé àwọn fọ idẹ mọ́ dé ibi tí ó ti di wúrà! Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó, lẹ́yìn náà a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó fi omi púpọ̀ ṣàn án, a ó sì nù ún gbẹ pátápátá. Iyọ̀ tí ó bá kù lára rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ewé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ní ibi tí ọ̀rinrin pọ̀ tó ti Alápẹ̀rẹ̀.

Ṣaworo tí ó yí ojú ìyá ìlù dùndún ká kò gbọdọ̀ rí omi, nítorí awọ wà nítòsí rẹ̀. Fèrè idẹ tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń fọn nínú ìsìn àti nínú òkú àgbà, bọ́tìnì àti bẹ́líìtì ọlọ́pàá àti ti sójà, Brasso ni wọ́n ń lò fún un. Ìyẹ̀fun kíkúnná ni ó wà nínú Brasso, ó ń há díẹ̀díẹ̀ ni. Fún bọ́tìnì, èyí kò ní ewu púpọ̀, àmọ́ fún àwòrán tí a fín sí ojú idẹ, ọdún mélòó kan ti tó láti pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán ojú igi náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ojú rẹ̀ sì le ju bí àwọn mìíràn ṣe rò lọ.

Irin àti alumíníọ́mù

Ọ̀rọ̀ irin kò gùn. Awọ tí ó bo fàdákà àti idẹ máa ń dáàbò bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ dé àyè kan. Ìpáàrà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń ṣí sílẹ̀ fún omi ni, tí irin yóò fi jẹ tán. Nítorí náà irin ni ó yẹ kí a há. Lẹ́yìn tí a bá ti há a, a ó yá a gbẹ lórí iná, a ó sì fi epo pa á, yálà àdá ni tàbí ọ̀bẹ. Ohun dúdú tí ń dán nínú agbada irin tí a fi ń dín àkàrà kì í ṣe ìdọ̀tí: òróró ni ó jóná mọ́ ọn tí ó di ààbò. Ẹni tí ó bá há a kúrò yóò bá ìpáàrà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Alumíníọ́mù kò fẹ́ eérú àti káún. Káún tí a fi ń se ewédú àti sódà tí a mẹ́nu bà lókè jẹ́ ẹbí, wọ́n sì ń jẹ alumíníọ́mù. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú ìkòkò, inú rẹ̀ yóò dúdú. Omi tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tí a sè nínú rẹ̀, ni ó ń mú un funfun padà. Omi náà, dídànù ni. Ìkòkò tí a rọ láti inú àlòkù mẹ́táàlì, irú èyí tí a ń rọ ní Ṣakí àti ní àwọn ìlú mìíràn, lè ní òjé nínú, ohun kíkan sì máa ń fa òjé jáde. Òjé burú fún ọpọlọ ọmọdé.

Ewu kan wà tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn jù bí ó ṣe kan ìkòkò lọ. A kò gbọdọ̀ pa bílíìsì pọ̀ mọ́ omi ọsàn, ọtí kíkan, tàbí omi olóró tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Gáàsì tí yóò jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn nínú balùwẹ̀ kékeré. Omi bátìrì ọkọ̀, tí àwọn kan fi ń fọ ohun ọ̀ṣọ́, kò yẹ nínú ilé rárá.

Èyí tí a kò gbọdọ̀ fọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí ìdílé ti kó wá sí Èkó láti Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì, ohun idẹ kan lè wà ní ìsàlẹ̀ àpótí: ẹdan, ẹ̀gbà ọwọ́ baba ńlá, abẹ̀bẹ̀ tàbí ààjà. Nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá kú, àwọn ọmọ a mú un jáde, a sì wù wọ́n kí ó dán kí àlejò tó dé. Bí ó bá jẹ́ idẹ Ọ̀ṣun tí ojúbọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, àwọn olùsìn mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Fífọ idẹ wà lára ìjọsìn náà, oríkì òrìṣà yìí kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ idẹ jìnnà sí orúkọ rẹ̀. Èyí tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ mọ́ ni ó yẹ kí ọwọ́ ẹni falẹ̀ sí. Imú tí ó ti parẹ́ lójú ẹdan lè jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ àwọn àgbà ti gbé e fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọ̀ tí ó bò ó lè di àmì aṣọ tí a fi wé e mú, tàbí ti ilẹ̀ tí a sin ín sí. Ọsàn wẹ́wẹ́ kan ti tó láti pa gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí rẹ́ ní ọ̀sán kan.

Ní 1938, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí tí a fi bàbà àti idẹ dà, tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún bíi mélòó kan. Iyọ̀ inú ilẹ̀ máa ń wọ inú irú ohun bẹ́ẹ̀, ó sì lè dá àrùn kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń pè ní àrùn idẹ: ìyẹ̀fun tí ó ní àwọ̀ ewé mímọ́lẹ̀ yóò máa yọ, yóò máa tàn, títí idẹ náà yóò fi jẹrà láti inú wá. Iyọ̀ àti omi kíkan tí a fi ń fọ àwo idẹ tuntun ni oúnjẹ àrùn yìí gan-an. Bí a bá rí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ lára ohun àjogúnbá, a ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó kù, a ó jẹ́ kí ó gbẹ, a kò sì ní fi omi kàn án.

Fún àwọn tó kù, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí kò ní omi ti tó láti gbọn eruku kúrò. A lè fi aṣọ òwú wé wọn, kí a sì fi wọ́n sínú àpótí tí kò ní rọ́bà, pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tí ó máa ń bá bàtà tuntun wá. Ibi tí a lè gbé ìbéèrè nípa wọn lọ kò jìnnà sí Alápẹ̀rẹ̀: ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá sí Erékùṣù Èkó yóò dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1957. Kí ó gbé ohun náà lọ bí ó ṣe wà, pẹ̀lú ìdúdú rẹ̀.